Ilẹ̀ Dúdú Tó Ń Wú: Ọ̀rọ̀ fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ Ṣọ́ọ̀bù

(Ohùn mẹ́ta ni. A kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn ò gbé e.)

OHÙN KÌÍNÍ
Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n wa tó ní ògiri ṣọ́ọ̀bù òun ti là láti igun fèrèsé lọ sókè, pé bíríkìlà ló jí símẹ́ǹtì òun. Ó ṣeé ṣe o. Ṣùgbọ́n ká tó pe ọmọ ọlọ́mọ lólè, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ilẹ̀ léèrè.

Lọ́dọ̀ wa ní Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, yẹ̀pẹ̀ pupa ló pọ̀. Àwọn bàbá wa á gbẹ́ ìpìlẹ̀ níwọ̀nba, ilé á dúró. Ohun tá a mọ̀ nìyẹn, òun náà la gbé wá síbí. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi ní Gombe, ní Numan, ní apá Dikwa àti Ngala lọ sí ẹ̀bá adágún Chad, ilẹ̀ dúdú kan wà tí àwọn ẹnjiníà ń pè ní black cotton soil. Ní Borno, firki ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń gbin ọkà bàbà masakwa sí i nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, torí ó ń di omi mú gan-an. Ohun tó dùn mọ́ àgbẹ̀ yẹn ló ń ba ti onílé jẹ́.

Ẹ wo gàrí. Ẹ da omi sí ife gàrí kan, ṣebí á wú? Ẹ da omi sí iyanrìn, kò ní wú. Ilẹ̀ dúdú yìí, gàrí ni. Amọ̀ inú ẹ̀ ń jẹ́ montmorillonite, ìlú Montmorillon ní Faransé ni wọ́n fi sọ ọ́. Ó rí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí abala ìwé, omi á wọ àárín abala, á tì wọ́n síra. Amọ̀ ilẹ̀ pupa wa, kaolinite ló pọ̀ níbẹ̀. Ìwé lòun náà, ṣùgbọ́n abala ẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, omi ò ráyè wọlé.

Lẹ́ẹ̀rùn, ilẹ̀ dúdú á gbẹ, á sún kì, á là. Lójú ẹni tí ò mọ̀ ọ́n, ó le bí òkúta. Òun ló ń tan olówó: ó wá ní March, ó fẹsẹ̀ kì í, ó ní ilẹ̀ yìí dáa, ó sì tún pọ́ọ́kú.

OHÙN KEJÌ
Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa: ilé tó fúyẹ́ ló ń jìyà jù. Òótọ́ ni pé ilé tó wúwo máa ń rì sínú ilẹ̀ rírọ̀. Ilé gogoro Pisa ní Ítálì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1173, amọ̀ rírọ̀ ló jẹ́ kó fì. Ṣùgbọ́n amọ̀ tó ń wú, òkè ló ń ti ilé sí. Ilé alájà mẹ́ta lè fi ìwúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù onípáànù wa? Á gbé e bí ìkòkò tó ń hó ṣe ń gbé ọmọrí.

Jámánì flọ́ọ̀ tá a dà ńkọ́? Ó ti bo ilẹ̀, oòrùn ò lè fa omi ibẹ̀ mọ́. Omi á rọra kóra jọ lábẹ́ àárín ilé, àárín á wú, etí tí oòrùn ń pa á máa sún kì. Ẹ ò rí i pé ilẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í há?

Karl Terzaghi, nínú ìwé tó gbé jáde ní 1925, fi hàn pé èèyàn ò lè mọ agbára ilẹ̀ láìmọ iṣẹ́ tí omi ń ṣe nínú ẹ̀. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó ilẹ̀, ẹ gbẹ́ ihò, ẹ bu yẹ̀pẹ̀ ìsàlẹ̀. Ẹ pò ó, ẹ fàtẹ́lẹwọ́ yí i bí òwú. Bó bá tín-ín-rín dé mílímítà 3 tí kò já, amọ̀ ni. Atterberg ará Sweden ló bẹ̀rẹ̀ irú ìdánwò yẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ sẹ́ ẹ. Ẹ dà á sínú gíláàsì, ẹ fàmì síbi tó ga dé. Ẹ wá rọra dà á sínú gíláàsì kejì tó bá a dọ́gba, tómi ti wà nínú ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ dọjọ́ kejì. Bó bá di ìlọ́po méjì, ewu ni fún ṣọ́ọ̀bù. Èyí ò rọ́pò soil test o. Ẹ béèrè ní ẹ̀ka civil engineering ní yunifásítì Maiduguri, tàbí Modibbo Adama ní Yola.

OHÙN KẸTA
Bẹ́ ẹ bá ti ra ilẹ̀ náà ńkọ́? Ẹ kó dúdú kúrò, ẹ fi yẹ̀pẹ̀ pupa rọ́pò, kí wọ́n máa gún un ní ìpele ìpele. Ẹ má fi iyanrìn dí i, torí iyanrìn á kàn di adágún omi lábẹ́ ilé. Bí dúdú bá jìn ju owó yín lọ, ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà fi irin so gbogbo ìpìlẹ̀ pọ̀. Kọnkéré yí ilé ká, kó dà síta. Gọ́tà fún omi òrùlé. Kí ilé ìwẹ̀ àti sókàwéè jìnnà. Dóńgóyárò tẹ́ ẹ gbìn nítorí ibòji, gbòǹgbò ẹ̀ ń mu omi abẹ́ ògiri, kó jìnnà náà.

Ẹ̀gbọ́n, ní ti ògiri yín, ẹ má tíì lẹ̀ ẹ́. Ẹ fi pẹ́ńsù fàmì sí ìparí ojú lílà méjèèjì, ẹ kọ déètì síbẹ̀, ẹ wọn bó ṣe fẹ̀. Ẹ tún wọ̀n ọ́n bí òjò bá ti bọ́ sílẹ̀ dáadáa. Bó bá ń pa dé lójò, tó ń ṣí lẹ́ẹ̀rùn, ilẹ̀ ló ń mí. Ẹ pe bíríkìlà yẹn padà, kẹ́ ẹ jọ wo ibi tómi òrùlé ń dà sí.