Mímọ Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀ Kóòtù Nínú Ẹjọ́ Gbèsè àti Àdéhùn



Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní kóòtù, kì í ṣe nítorí pé kò jàre, bí kò ṣe nítorí pé kò mọ ohun tí ìwé tí a fi lé e lọ́wọ́ ń béèrè. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ díẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹjọ́ pín sí ọ̀nà méjì. Nínú ẹjọ́ ọ̀daràn, ìjọba ni ó ń pe arúfin lẹ́jọ́. Ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn lè tẹ̀lé e, àpò ìjọba sì ni ìtanràn ń lọ. Èkejì ni ẹjọ́ láàárín ará ìlú méjì, lórí gbèsè, ilé tàbí àdéhùn. Owó gbà-má-bínú tí a bá dá níbẹ̀, ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó ni ín. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní ìpín 32, kò gbà pé kí a mú ènìyàn kìkì nítorí pé kò mú àdéhùn ṣẹ.

Ẹni tí ó gbé ẹjọ́ wá ni olùpẹ̀jọ́. Ẹni tí a pè ni olùjẹ́jọ́. Jíjẹ́ olùjẹ́jọ́ kò sọ ènìyàn di ẹlẹ́bi. Olùpẹ̀jọ́ ni ó kọ́kọ́ ní láti mú ẹ̀rí wá, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ti là á sílẹ̀. Èyí kò ṣàjèjì sí Mùsùlùmí, nítorí pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìlànà Ṣẹ̀ríà. Adájọ́ yóò gbé ẹ̀rí ìhà méjèèjì sórí òṣùwọ̀n, èyí tí ó bá tẹ̀wọ̀n jù ni yóò borí. Ẹni tí ó bá sì ń tẹ̀lé àṣẹ tí ó wà nínú Súrátúl Bákárà, áyà 282, pé kí a kọ gbèsè sílẹ̀ kí a sì fi ẹlẹ́rìí sí i, kò ní wá ẹ̀rí tì lọ́jọ́ ẹjọ́.

Ìwé ìpẹ̀jọ́ ni ìwé tí ó ń sọ ẹni tí ó pè ọ́ àti ohun tí ó ń béèrè. Má ṣe fà á ya, má sì ṣe fi í pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Ìwé ìdáhùn ni ìwọ yóò fi fèsì: ohun tí o gbà, ohun tí o kò gbà, àti ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé olùpẹ̀jọ́ gan-an ni ó jẹ ọ́ lówó, o lè pe ẹjọ́ tìrẹ padà nínú ìdáhùn kan náà. Ní kóòtù ẹjọ́ gbèsè kéékèèké ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2018 fún gbèsè tí kò ju mílíọ̀nù 5 náírà lọ, ọjọ́ 7 péré ni olùjẹ́jọ́ ní láti fèsì. Bí o bá dákẹ́, adájọ́ lè dá ẹjọ́ náà lẹ́yìn rẹ.

Ẹni tí a jẹ lówó náà kò gbọdọ̀ sùn. Ní Èkó, ọdún 6 ni òfin fún ènìyàn láti pe ẹjọ́ lórí àdéhùn lásán. Bí ó bá kọjá, olùjẹ́jọ́ lè fi èyí gba ara rẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí náà, bí ìwé kóòtù bá dé, ẹ ka ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀, ẹ tètè wá agbẹjọ́rò tàbí akọ̀wé kóòtù kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí a mọ ẹ̀tọ́ wa, kí a má sì jẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn. Àmín.