Àmì Ara Sẹ́ẹ̀lì Ẹ̀jẹ̀ Wa



Láyé àtijọ́, ilà ojú ni a fi ń mọ ọmọ Òǹdó. Ẹni tí ó bá kọ ọ́, títí ikú ni. Ti sẹ́ẹ̀lì kò rí bẹ́ẹ̀. Inú mùdùnmúdùn eegun ni ìyá sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ń gbé, ó sì ní àmì kan lára tí à ń pè ní CD34. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà, wọn a bọ́ àmì náà sílẹ̀, wọn a gbé òmíràn wọ̀.

Duffy ni orúkọ àmì kan tí sẹ́ẹ̀lì pupa máa ń gbé wọ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí Yorùbá tí sẹ́ẹ̀lì pupa rẹ̀ ní in. Ní 2017, ìwádìí tí a fi èkúté ṣe fi hàn pé àìsí àmì yìí ń yí iṣẹ́ ìyá sẹ́ẹ̀lì padà; ẹ̀yà sẹ́ẹ̀lì funfun kan a sì máa tètè fi inú ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Nítorí èyí ni iye rẹ̀ fi lè kéré lára ẹni tí kò ṣàìsàn rárá. Àwọn kan ti tìtorí bẹ́ẹ̀ pàdánù oògùn tí ó yẹ wọ́n. Bí àyẹ̀wò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ bi dókítà léèrè Duffy. Ẹ̀wù tí a fi ara ẹlòmíràn wọ̀n kò lè bá wa mu.