Kí Àwọn Akọ́lé Gbọ́ Èdè Ara Wọn



Ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ, nítorí ẹ̀ka tí kò ní ilé ìsìn lọ́kàn láti kọ́ kò wọ́pọ̀ láàrín wa. Gbogbo wa ni a mọ ìtàn Bábélì. Bíríkì kò tán lọ́wọ́ àwọn ènìyàn náà. Èdè ara wọn ni wọn kò gbọ́ mọ́, iṣẹ́ sì dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lónìí. Ayàwòrán ilé ní èdè tirẹ̀. Ẹnjiníà tí ń ṣírò ẹrù tí òpó lè gbé ní tirẹ̀. Bíríkìlà ní tirẹ̀. Bí wọn kò bá jókòó pọ̀, Bábélì ni wọ́n ń kọ́.

Àwa tí a ń gbé Yeoville ní ìlú Johannesburg ní àpẹẹrẹ rere nítòsí. Ní Berea, ládùúgbò wa, ilé kan wà tí ó ga fíofío, tí ó rí róbótó bí àgbá. Ponte City ni orúkọ rẹ̀. Alájà 54 ni, gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 173, a sì parí rẹ̀ ní ọdún 1975. Mannie Feldman, Manfred Hermer àti Rodney Grosskopff ni wọ́n jùmọ̀ ya àwòrán rẹ̀. Òfin ìlú nígbà náà ni pé ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀ gbọ́dọ̀ ní fèrèsé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi àárín ilé náà sílẹ̀ ní òfìfo láti ìsàlẹ̀ dé òkè, kí ìmọ́lẹ̀ lè wọlé láti inú àti láti òde. Ẹ kíyè sí i: ọ̀rọ̀ fèrèsé ni ó pinnu ìrísí odindi ilé. Bí ẹni tí ó mọ òfin bá dákẹ́ títí a fi fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.

Ìdákẹ́ a máa pani. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ilé alájà márùn-ún tí a ń kọ́ lọ́wọ́ ní ìlú George, ní Gúúsù Áfíríkà kan náà, wó lulẹ̀. Ènìyàn 34 kú. Ìwádìí tí ìjọba gbé jáde ní ọdún 2025 fi hàn pé ẹni tí ń bójú tó ààbò níbẹ̀ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé kọnkéré náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣùgbọ́n a kò fi tó àwọn aláṣẹ létí. Nílé wa ńkọ́? Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2014, ilé àlejò ìjọ kan wó ní Ìkòtún ní Èkó, ó sì pa ènìyàn 116. Gúúsù Áfíríkà ni púpọ̀ jù nínú wọn ti wá.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka kankan tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, kí ó pe ayàwòrán, ẹnjiníà, agbaṣẹ́ṣe, bíríkìlà, púlọ́ńbà àti oníná jókòó pọ̀. Kí àwòrán kan ṣoṣo wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Bí owó bá wọlé tí àwọn alàgbà sì fẹ́ fi àjà kan kún un, kí wọ́n kọ́kọ́ padà tọ ẹnjiníà lọ. Ìtara kò lè gbé ẹrù tí òpó kò lè gbé. Kí a má sì ṣe fi ojú kékeré wo lébìrà tí ó bá wí pé, “Irin yìí kò tó.” Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn tí yóò jókòó sábẹ́ òrùlé náà, àwọn ọmọ wa ni. Kí Olúwa kí ó fún gbogbo akọ́lé wa ní etí ìgbọ́ràn. Àmín.