Okùn Méjì fún Ẹni Tí Ń Ṣiṣẹ́ Lókè

Ẹ̀yin ará wa ní Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀, okun o! Bí a ti ń kí ara wa nílẹ̀ wa nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ sórí u, ó di okùn. Okùn ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

Gbogbo wa la mọ akọ̀pẹ. Igbà rẹ̀ yí i ní ìbàdí, ó sì yí ọ̀pẹ ká. Ó fara tì í, ọwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún àáké. Kò gbé àkàbà, kò kan pákó. Ọgbọ́n ńlá ni. Àbùkù kan ló ní: igbà kan ṣoṣo ni. Bí igbà bá já, akọ̀pẹ á já lulẹ̀.

Nílùú ńlá, okùn ni àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn fi ń ṣiṣẹ́ lára ilé gíga. Ẹ wo Cocoa House ní Ìbàdàn, tí a parí ní 1965. Alájà 26 ni, gíga rẹ̀ sì tó mítà 105. Bí a bá fẹ́ kun irú ilé bẹ́ẹ̀, igi àti irin tí a óò tò yí i ká á pọ̀, iṣẹ́ á sì pẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn olókùn á gba inú ilé gòkè, wọn á so okùn mọ́ ibi tó le, wọn á sì máa rọra sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri. Kò dínà, ó sì sábà máa ń dín ìnáwó kù.

Ẹ ó bi wá pé, bí okùn bá já ńkọ́? Okùn méjì ni. Ọ̀kan gbé òṣìṣẹ́ dúró, èkejì ń ṣọ́ ọ. Ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a so wọ́n mọ́. Bí ọ̀kan bá já, èkejì á mú un. Etí ògiri a máa gé okùn, nítorí náà wọ́n á fi nǹkan tó nípọn tẹ́ ẹ. Wọn kì í sì í dá a ṣe. Bí ẹnìkan bá dákú sórí okùn, ẹnìkejì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ kíá, nítorí ewu ni kí ènìyàn rọ̀ pẹ́ láìmira.

Ẹ̀yin òbí, àwọn ọmọ wa ń lọ kun ilé ní Lọ́kọ́ja, Àbújá àti Èkó. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n bi ọ̀gá wọn pé: “Níbo ni okùn kejì wà?” Bí kò bá sí, kí wọ́n má gùn ún. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan kò lè ra ẹsẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.