Pọ́ǹpù Ẹ̀yìn Ilé

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹyẹ ń bà lé wáyà iná, kò sì kú. Kí ni ó fà á? Orí wáyà kan ṣoṣo ni ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà. Iná kò rí ọ̀nà gba ara rẹ̀ kọjá.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó, kànga ẹ̀rọ wà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ilé. Bí èèpo wáyà bá bó nínú pọ́ǹpù, iná 230 fóòtì lè wà lára irin rẹ̀. Ọmọ tí ó di irin náà mú, tí kò wọ bàtà, ara rẹ̀ ni iná yóò gbà wọlẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe ń so wáyà àwọ̀ ewé abilà yẹ́lò mọ́ irin pọ́ǹpù, títí dé ọ̀pá bàbà tí a gbá wọnú ilẹ̀. A tún ń so gbogbo irin tí ó wà nítòsí pọ̀, kí iná má baà yàtọ̀ láàárín wọn, bí ti ẹsẹ̀ ẹyẹ yẹn. Àwọn kan a máa gé wáyà yìí sọnù, wọn a ní pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́ láìsí i. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, títí di ọjọ́ tí èèpo bó!

Nígbà ọyẹ́, ilẹ̀ a gbẹ, iná kì í fẹ́ wọ ilẹ̀ gbígbẹ; fíúùsì lè má jó. Ẹ ní kí oníṣẹ́ iná fi swíìṣì tí ń pa iná fúnra rẹ̀ sí i, èyí tí yóò já bí iná tí ń jò bá ti tó 30 mílíámpíà.