Bí Ilé-iṣẹ́ Ìyá Ti Ń Fi Ìmọ̀ Iṣẹ́ Fún Ọmọ Rẹ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdún ti Ẹgbẹ́)



Ẹgbẹ́ wa ń gbèrò láti fi ilẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ kan tí yóò máa to rédíò àti tẹlifíṣọ̀n pọ̀ ní ìlú yìí. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ náà ní ìyá ní òkè òkun, ìyá náà ni ó sì ni ìmọ̀ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilẹ̀ Japan. Ní ọdún 1952, Philips ti ilẹ̀ Họ́láńdì àti Matsushita ti Osaka, èyí tí a ń pè ní Panasonic lónìí, pa owó pọ̀, wọ́n sì dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣe gílóòbù iná, àti ìgò tí àwòrán tẹlifíṣọ̀n ń hàn lójú rẹ̀. Philips ni yóò kọ́ ọmọ náà níṣẹ́. Owó ìkọ́ṣẹ́ tí ó kọ́kọ́ bèèrè jẹ́ 7 nínú 100 owó tí ọmọ náà bá pa lórí ọjà.

Ọ̀gbẹ́ni Konosuke Matsushita kò bínú, kò sì kọ̀. Ó ní bí ìmọ̀ ẹ̀rọ bá ní iye, ìmọ̀ àti ṣe àkóso ilé-iṣẹ́ pẹ̀lú ní iye, òun ni yóò sì ṣe àkóso. Ó rán Arataro Takahashi lọ sí Họ́láńdì láti bá wọn dúnàádúrà. Ọ̀rọ̀ náà le, ṣùgbọ́n níkẹyìn Philips gba 4.5 nínú 100, Matsushita sì gba 3. Ẹ kò rí nǹkan? Akẹ́kọ̀ọ́ náà gba owó tirẹ̀!

Ìmọ̀ tí mo ń wí kì í ṣe ìwé nìkan. Àwòrán ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, àṣẹ láti lo ohun tí ìyá ṣe àwárí wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí ó tóbi jù wà ní ọwọ́ àwọn ènìyàn tí ó jókòó ti ara wọn lẹ́nu iṣẹ́. (Àwa olùkọ́ mọ èyí: ọmọ tí ó da ojú pátákó kọ kò tí ì mọ ìṣirò náà.) Ní ọdún 1993, Matsushita ra ìpín Philips kúrò, ọmọ náà sì di tirẹ̀ pátápátá.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ tó fi ọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ wa, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bi àwọn àlejò wa léèrè: ọmọ ìlú wa mélòó ni ẹ ó kọ́ ju kí wọ́n máa de ìdè ẹ̀rọ lọ, ọdún mélòó ni ẹ ó fi kọ́ wọn, ta ni yóò sì san owó rẹ̀?