Òǹwòran Náà Ní Iṣẹ́ Tirẹ̀
Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìlú Oǹdó

Wọ́n ní kí a sọ̀rọ̀ lórí eré ìdárayá, lórí ogun, àti lórí iṣẹ́ ọnà. Àwa kò gbá bọ́ọ̀lù gba ife ẹ̀yẹ rí, a kò gbé ìbọn rí, bẹ́ẹ̀ ni a kò mọ ìlù lù. Òǹwòran ni wá. Àwọn kan a máa wí pé ọ̀lẹ ni òǹwòran, pé ẹni tí kò rí iṣẹ́ ṣe ni í jókòó ti ẹni tí ń ṣe é. A kò gbà bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ ni a sì wá sọ.

Ẹ jẹ́ kí a ti orí ogun bẹ̀rẹ̀. Nígbà ogun Hitler, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ sí ilẹ̀ Bọ́mà láti bá àwọn ará Japan jà, ọmọ Nàìjíríà ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ní ìhà ìlà-oòrùn Àkúrẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní ọdún 1942, láìgba àṣẹ lọ́wọ́ bàbá àti ìyá rẹ̀. Ìtọ́jú àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní oṣù kẹta ọdún 1944, àwọn ará Japan yọ sí wọn lójijì lẹ́bàá odò Kaladan, ìbọn sì fọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Òun àti David Kargbo, ọmọ Sierra Leone, ni ó ṣẹ́kù síbẹ̀ láàyè nínú igbó. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n fi fara pamọ́. Mùsùlùmí ará abúlé kan tí ń jẹ́ Shuyiman ni ó ń fún wọn ní oúnjẹ, òun náà ni ó sì gbà wọ́n sínú ilé ara rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Bí ọ̀tá bá gbọ́, òun àti aya àti ọmọ ni ìbá bá a lọ. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin onílé: àlejò tí ẹ kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí kò lè dìde, tí ikú sì ń wá kiri!

Isaac padà sílé, ó sì ṣiṣẹ́ ìjọba. Ta ni yóò jẹ́rìí ohun tí ojú rẹ̀ rí? Kò sí ará ilé kan tí ó wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó mú kálàmù tí ó kọ ọ́, Amẹ́ríkà ni a sì ti tẹ ìwé náà ní ọdún 1999. Ní ọdún 2011, Barnaby Phillips, oníròyìn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, gbé lẹ́tà ọpẹ́ rẹ̀ lọ sí Bọ́mà, ó sì rí ìdílé Shuyiman, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Shuyiman ti kú. Ó ṣe fíìmù, ó sì tún kọ ìwé. Ní ọdún 2012 ni Isaac náà kú. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò náà tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n ó dùn wá pé àlejò ni.

Ogun Kírìjì kò rí bẹ́ẹ̀. Ìlú Oǹdó yìí ni Àlùfáà Charles Phillips ń gbé láti ọdún 1877, láti ìhín ni ó sì ti lọ bá Èkìtì Parapọ̀ sọ̀rọ̀ àlàáfíà, nígbà tí Àlùfáà Samuel Johnson lọ sí bùdó Ìbàdàn, títí a fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1886. Johnson wò, ó sì kọ ìtàn sílẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ ní ọdún 1921. Ojú Ọ̀yọ́ ni ó fi wò ó, a mọ̀. Ẹni tí inú bá ń bí sí i, kí òun náà kọ tirẹ̀.

Ẹ wo ti bọ́ọ̀lù. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2012, ẹgbẹ́ Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ dé ìpele tí ó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ó lókìkí jù ní Áfíríkà. Wọ́n pàdé Al Ahly ti Íjíbítì, wọ́n ta ọ̀mì 3-3. Ní Cairo, góòlù kan ṣoṣo ni a fi jù wọ́n lọ. Ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbá èyí tí a pè ní ti ilé, kì í ṣe Àkúrẹ́. Orí rédíò ni ọ̀pọ̀ ọmọdé Àkúrẹ́ ti gbọ́ ọ. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ìjọba tí ó bá fẹ́ kí ọmọ fẹ́ràn ìlú rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ fún un ní ibi tí yóò jókòó sí láti rí i bí ó ti ń ṣe dáadáa.

Ní ti iṣẹ́ ọnà, a kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín, gbé Ògbójú Ọdẹ jáde ní ọdún 1938. Ẹ rántí bí ìwé náà ti rí: ọdẹ ń sọ̀rọ̀, ẹnì kan jókòó ó ń kọ ọ́, àwọn ènìyàn sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ láti wá gbọ́. Bí akọ̀wé náà kò bá jókòó, kí ni à bá rí kà? Bẹ́ẹ̀ náà ni ijó Obitun tí àwọn wúńdíá Oǹdó ń jó: bí agbo kò bá sí, ta ni wọn yóò jó o fún?

Ohun tí a ń bẹ̀ yín nìyí. Àwọn tí ó lọ sí Bọ́mà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán, ṣùgbọ́n ìwé tí a fi yọ̀ǹda wọn àti àmì ẹ̀yẹ wọn ṣì wà nínú àpótí àwọn ọmọ wọn. Kí akọ̀wé ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, ra ìwé kan, kí ó máa lọ láti agbo ilé dé agbo ilé. Kí ó kọ orúkọ, ìdílé, ọdún tí ó wọṣẹ́, àti ibi tí ó ti jà. Ẹni tí ó bá ní fọ́tò, kí ó má ṣe fi rán ẹnikẹ́ni. Kí ó fi í sílé, a ó wá yà á níbẹ̀.